Àwọ̀ Eérú Tó Wà Láàárín Òkúta: Ìtàn Sìmẹ́ńtì Ẹ̀yìnkùlé Wa

  Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí tí ẹ máa ń sọ pé kí n rọra sọ̀rọ̀ kí ẹ lè bá mi lọ, mo ti gbọ́. N ó rọra.

Ọ̀rọ̀ tòní dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé ilé àtijọ́ ní gúúsù London, ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òkúta kan àti èkejì. Ní apá ibì kan, ohun tí wọ́n fi dí àlàfo yẹn á funfun bí ògì, tàbí kó pọ́n díẹ̀ bí iyanrìn etí odò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀, ojú yín á kan ibì kan tó ṣú, tó jẹ́ àwọ̀ eérú, tó le gbagidi, tó lọ gbọọrọ bí àpá ọgbẹ́. Ẹnì kan ti tún ibẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó lè jẹ́ bàbá yín. Ó lè jẹ́ ẹni tó ni ilé kí bàbá yín tó rà á. Ó ra àpò sìmẹ́ńtì kan, ó pò ó mọ́ iyanrìn, ó fi dí àlàfo, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ojú ibẹ̀ kò ti bára mu mọ́.

Nígbà tí ilé bá wá kan ọmọ, tí ọmọ sì fẹ́ tún ẹ̀yìnkùlé ṣe, ìbéèrè tó máa ń bi ni pé: àwọ̀ wo ni kí n rà? Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé: ọmọ ọdún mélòó ni àlàfo yìí? Nítorí pé àwọ̀ eérú yẹn ní ọjọ́ ìbí. A mọ ọdún tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, a mọ orúkọ bíríkìlà tó gbà á, a sì mọ ìlú rẹ̀. Kí wọ́n tó bí i, àwọ̀ àlàfo jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ ibi tí ilé wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bí i, àwọ̀ kan náà ló wá gba gbogbo ayé kan.

Kí n tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́ àgbàlá o. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn baba ńlá wa ti ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá ilé. Àpáàdì ni ìkòkò tó fọ́. Wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ bí táìsì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dúró, ọ̀kan ti èkejì, tí wọ́n á tò wọ́n bí eegun ẹja, tí wọ́n á sì máa to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín wọn nígbà míràn kó lè jẹ́ ọnà. Frank Willett wú irú rẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957 síwájú. Peter Garlake náà wú òmíràn jáde lórí ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 àti 1972. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ́ ẹ. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé kò sí ohun tí wọ́n rà láti ọ̀nà jíjìn láti fi di àpáàdì wọ̀nyẹn mú. Erùpẹ̀ ibẹ̀ náà ló gbé wọn dúró. Tí ẹnì kan bá fẹ́ tún apá ibì kan ṣe, erùpẹ̀ kan náà ló máa bu. Àwọ̀ á bára mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú nípa àwọ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí wọ́n ń pò láti fi di òkúta mọ́ òkúta, tí wọ́n ń pè ní mortar, èmi á máa pè é ní àpòpọ̀. Nígbà yẹn, kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò ni lime. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o! Òkúta ẹfun tí wọ́n fi iná jó ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹfun jíjó. Wọ́n á kó òkúta yẹn sínú ààrò ńlá, wọ́n á dáná sí i títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná á lé carbon dioxide tó wà nínú òkúta jáde. Èyí tó bá kù, tí wọ́n bá bu omi sí i, ńṣe ni yóò máa hó, tí èéfín omi á máa rú, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá rọlẹ̀, ó ti di lẹ́búlẹ́bú tàbí kó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òun ni wọ́n á pò mọ́ iyanrìn. Tí wọ́n bá ti fi sáàárín òkúta, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba carbon dioxide padà láti inú afẹ́fẹ́, tí yóò sì tún di òkúta. Kì í kánjú. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, kó tó gan dé inú.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: ẹfun jíjó funfun. Bí ẹ bá sì pín àpòpọ̀ náà sí mẹ́rin, nǹkan bí ìdá mẹ́ta jẹ́ iyanrìn. Nítorí náà, iyanrìn ló ń fún àlàfo ní àwọ̀. Iyanrìn wúwo, ẹṣin ló sì ń fa ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa gbé e wá láti ìlú tó jìnnà. Kòtò tó bá wà nítòsí ni wọ́n ti ń wà á. Ní apá Cheshire àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyanrìn ibẹ̀ pupa nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, irin yẹn ló dógùn-ún tó sì pa iyanrìn láró. Ní London, iyanrìn àfonífojì odò Thames ló wọ́pọ̀, tó máa ń jẹ́ ìyeyè tàbí kó fara jọ awọ ẹja gbígbẹ. Ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń jó èédú púpọ̀, bíi Birmingham, eérú àti èédú jíjó ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ẹfun, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ilé àtijọ́ tí àlàfo bíríkì rẹ̀ dúdú. Àwọn kan rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n sì ń náwó láti fọ̀ ọ́!

Ọ̀rọ̀ iyanrìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń dán iyanrìn wò. Ẹ fi ọwọ́ rà á, tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó dára. Ẹ dà á sórí aṣọ funfun, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, tí aṣọ kò bá ní àbàwọ́n, kò sí erùpẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣì lè ṣe é lónìí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tó ń tajà bá máa jẹ́ kí ẹ tú àpò.

Ẹ má sì rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò mọ ọgbọ́n kí èèyàn fi àwọ̀ tan ojú jẹ. Ní nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn olówó ń kọ́ ilé pẹ̀lú bíríkì tí wọ́n rẹ́ dán, tí àlàfo rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn. Bíríkì bẹ́ẹ̀ wọ́n. Kí ni ẹni tí owó rẹ̀ kò tó máa ṣe? Wọ́n á po àpòpọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá bíríkì mu, pẹ̀lú amọ̀ pupa tàbí ìyeyè tí wọ́n lọ̀, wọ́n á fi dí gbogbo àlàfo títí ẹ kò fi ní mọ ibi tí bíríkì parí sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ìlà funfun tín-ín-rín sáàárín rẹ̀. Tí ẹ bá dúró ní títì, ẹ ó sọ pé ilé ọlọ́lá ni. Tuckpointing ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ilé ní London. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kí àwọ̀ bára mu ti di iṣẹ́ ọwọ́ gidi kí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì tó délẹ̀.

Ó dáa. Báwo ni àwọ̀ eérú wá ṣe dé?

Òkun ló fà á. Ẹfun jíjó lásán kò lè gan dáadáa nínú omi. Ní 1756, wọ́n gbé iṣẹ́ fún John Smeaton pé kó kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ sórí àpáta Eddystone, nínú òkun tó wà níwájú Plymouth, níbi tí ìgbì ti ń bo àpáta mọ́lẹ̀. Smeaton kó oríṣiríṣi òkúta ẹfun jọ, ó jó wọn, ó dán wọn wò, ó sì rí i pé èyí tí amọ̀ wà nínú rẹ̀ ló máa ń le lábẹ́ omi. Ilé ìmọ́lẹ̀ náà parí ní 1759. Ohun tó rí yẹn ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e: ẹfun pẹ̀lú amọ̀, tí iná là kọjá.

Ní 1796, James Parker gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí wọ́n wá ń pè ní Roman cement. Òkúta roboto tí wọ́n ń ṣà nínú amọ̀ etíkun, ní erékùṣù Sheppey ní Kent, ni wọ́n ń jó fún un. Ó máa ń gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀. Kò jọ ti Róòmù rárá, orúkọ ọjà lásán ni. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí pé orúkọ tó kàn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 1824, bíríkìlà kan láti Leeds, Joseph Aspdin, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ó ń jó ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó sì pè é ní Portland cement. Kí ló dé tó fi jẹ́ Portland? Ìlú rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Erékùṣù kan ní Dorset ló ń jẹ́ Portland, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta funfun tí Christopher Wren fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, láti 1675 títí di 1710. Òkúta ọlọ́lá ni lójú àwọn èèyàn. Aspdin ní tí ohun tí òun ṣe bá gan tán, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti òkúta Portland. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni orúkọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀! Gbogbo àpò sìmẹ́ńtì tí ẹ ń rí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Peckham, tí wọ́n kọ Portland sí lára, ọ̀rọ̀ kí àwọ̀ bára mu ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọ̀ náà kò sì bára mu. Ẹ gbé sìmẹ́ńtì tó ti gan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri St Paul's, ẹ ó rí i.

Èyí tí Aspdin ń ṣe sì kọ́ ni èyí tí à ń rà lónìí gan-an. Ọmọ rẹ̀, William, kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó wá sí London, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Rotherhithe ní 1843. Ẹ̀yin ará Southwark, àdúgbò yín nìyẹn o. Iná tiẹ̀ gbóná ju ti bàbá lọ, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà nínú ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń dì pọ̀ bí òkúta dúdú, èyí tí wọ́n á wá lọ̀ kúnná. Isaac Charles Johnson náà ń ṣe irú rẹ̀ ní Kent láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àríyànjiyàn sì wà lórí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lónìí, ààrò sìmẹ́ńtì máa ń gbóná dé nǹkan bí 1450. Irin tó wà nínú amọ̀ ló máa ń fún un ní àwọ̀ eérú yẹn. Tí wọ́n bá wá ẹfun àti amọ̀ funfun tí irin kò pọ̀ nínú wọn, sìmẹ́ńtì náà á funfun. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì funfun yẹn, n ó padà sí i.

Ohun tó gbé e lékè gbogbo ìyókù ni òórùn. Ní ìgbà ooru 1858, odò Thames rùn débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó ní Westminster. Wọ́n gbé owó kalẹ̀ fún Joseph Bazalgette pé kó kọ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo London. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1859, sìmẹ́ńtì Portland ni wọ́n sì lò níbi púpọ̀ nínú rẹ̀. John Grant, tó wà lára àwọn ẹnjiníà rẹ̀, ń dán sìmẹ́ńtì wò léraléra bó ṣe ń dé, èyí tí kò bá lágbára tó, wọn kì í gbà á. Lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún ń ṣiyèméjì. Láti ibẹ̀ títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹfun jíjó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, àwọn tó mọ̀ ọ́n pò ń kú lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò sì kọ́ ọ mọ́.

Ìhín yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Sìmẹ́ńtì yẹn kò dúró sí etí odò Thames. Ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Ní 1900, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà létí Thames àti Medway para pọ̀ di Associated Portland Cement Manufacturers. Ilé iṣẹ́ kan náà yìí wà lára àwọn tó bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ti Ewékorò sílẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ẹ ronú sí i: ọmọ tó ń dàgbà ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn, ilé alámọ̀ ni ilé bàbá bàbá rẹ̀, ilé sìmẹ́ńtì ni ilé ẹni tó rí jájẹ. Àwọ̀ eérú yẹn ni àwọ̀ ìlọsíwájú lójú rẹ̀. Tó bá wá dé London, tó ṣiṣẹ́ òru àti ọ̀sán, tó ra ilé, tó rí àlàfo kan tó ń já wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná, kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe? Sìmẹ́ńtì ló máa rà, èyí tó le jù. Ó ń tọ́jú ilé ni. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi kì í dùn sí i. Àwọn bíríkìlà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí síbí náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì gba owó lé e.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Àpòpọ̀ ẹfun rọ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá yí díẹ̀, ó máa ń gbà. Bí omi bá wọlé, ó máa ń gba inú àlàfo jáde. Òun ló yẹ kó jẹ dípò òkúta, kí a sì máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì àtijọ́ lọ, ó sì le ju ọ̀pọ̀ òkúta tó rọ̀ lọ. Omi tí kò rí àlàfo gbà jáde á gba inú òkúta. Tí òtútù bá mú, omi á di yìnyín, yìnyín á fẹ̀, ojú òkúta á sì máa bó. Ẹ̀yin náà ti rí i: sìmẹ́ńtì ṣì dúró gagara bí ògiri kékeré, bíríkì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ wọnú. Òkúta Yorkshire tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé le ju bíríkì lọ, ṣùgbọ́n ìpele ìpele ni ó wà bí ìwé, etí rẹ̀ ló sì máa ń fọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ sìmẹ́ńtì kúrò. Òkúta yẹn wọ́n gan-an lọ́jà lónìí. Àwọn ọ̀lẹ bíríkìlà a máa fi ẹ̀rọ gé àlàfo náà gbooro kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n á sì ba ohun tí kò ṣeé rà padà jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Àwọn kan ti ń pariwo nípa àtúnṣe tó ń ba ilé jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. William Morris àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ SPAB sílẹ̀ ní 1877 láti dáàbò bo ilé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe ní àṣejù. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, wọ́n sì ń kọ́ èèyàn ní lílo ẹfun títí dòní. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí wọ́n ń tún ojú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wells ṣe, Robert Baker fi ẹfun tọ́jú àwọn ère òkúta ibẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. Ní báyìí, ẹ lè rà á nínú àpò. Èyí tó ń gan níbi tó tutù ni wọ́n ń kọ NHL sí lára, pẹ̀lú nọ́ńbà 2, 3.5 tàbí 5. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ó ń le sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí àlàfo. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ha ojú rẹ̀ níbi tí èèyàn kì í wò. Tó bá ń dà sílẹ̀ bí iyọ̀, tí ẹ sì rí èérún funfun kéékèèké nínú rẹ̀, ẹfun ni. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣá, sìmẹ́ńtì ni. Òkúta kọnkéré onígun mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí i, sìmẹ́ńtì náà ni kí ẹ fi tún un ṣe, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Òkúta láti Rajasthan ní Íńdíà, tó wọ́pọ̀ níbí láti àwọn ọdún 1990, ó lè jẹ́ sìmẹ́ńtì, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá sínú àlàfo, tó ní oje bíi gọ́ọ̀mù. Èyí tó ní gọ́ọ̀mù yẹn ti ní àwọ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ kò lè yí i padà. Àfi kí ẹ wá irú rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni àwọ̀. Ẹ má fi ojú àlàfo tó ti dọ̀tí ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ṣẹ́ ègé kan, kí ẹ wo inú rẹ̀ níbi tí òjò kò dé. Tó bá jẹ́ ti ẹfun, ẹ rún un wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á sínú ìgò omi, kí ẹ mì í, kí ẹ sì jẹ́ kó rọlẹ̀. Iyanrìn á jókòó sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí àwọ̀ rẹ̀ àti bí èérún rẹ̀ ṣe tóbi tó. Iyanrìn yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí ọjà. Ẹ wá èyí tó jọ ọ́ jù lọ kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn, torí pé bí òjò bá ti ń lu àlàfo fún ọdún díẹ̀, ó máa ń fọ ohun tó bo ojú iyanrìn kúrò, àwọ̀ iyanrìn á sì jáde síta. Ẹni tó fi èròjà pa iyanrìn tí kò bára mu láró, àṣírí rẹ̀ á tú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ló yẹ ibẹ̀, tí eérú rẹ̀ sì ń bo àwọ̀ iyanrìn mọ́lẹ̀, ibí ni sìmẹ́ńtì funfun ti wúlò. Ẹ fi rọ́pò apá kan èyí tó jẹ́ eérú, tàbí gbogbo rẹ̀. Ó kẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ tó ronú kan èròjà ìpaláró, èyí tó jẹ́ pé irin tó dógùn-ún ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ má fojú díwọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo sìmẹ́ńtì lọ, ìdajì ìyẹn sì sábà máa ń tó. Gbígbẹ ni kí ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì àti iyanrìn kí omi tó dé ibẹ̀. Kí omi sì ṣe déédéé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pò, nítorí pé omi tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kó ṣí.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọ̀ tútù kì í ṣe àwọ̀ gbígbẹ. Ẹ po mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yàtọ̀ díẹ̀ síra, kí ẹ dà wọ́n sínú ife yọ́gọ́ọ̀tì, kí ẹ fi bírò kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí wọ́n bá gbẹ, ẹ yọ wọ́n, ẹ fọ́ wọn sí méjì, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo àtijọ́ ní ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ iná alẹ́. Ẹfun lè jó ojú àti ọwọ́, ẹ lo ìbọ̀wọ́ àti jígí ojú. Tí ẹ bá sì ń gẹ́ òkúta tàbí sìmẹ́ńtì, ẹ fi ìbòjú tó dára bo imú, eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe é nígbà tí òtútù bá ti sún mọ́ yìnyín. Ní ilẹ̀ yìí, láti ìparí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án ló dára jù fún iṣẹ́ ẹfun. Ẹ fi àpò tútù bo ibẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́ ní kíákíá.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kí òun gbẹ́ sìmẹ́ńtì tí bàbá òun fi sí i kúrò. Tí kò bá ṣe òkúta ní ibi, tí kò sì sán, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún èyí tó ti bàjẹ́ nìkan ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bíríkì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára ilé London ni a ó sọ, àti ìdí tí wọ́n fi ń po eérú ilé ìdáná mọ́ amọ̀ rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.